Ọ̀kan Nínú Mẹ́wàá

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín níhìn-ín tí mo wà, lórí ilẹ̀ onípákó tó tutù débi pé eékún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí kí n tó kí yín tán. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ òsì tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí Ìyá Rísíkátù tí ẹ jọ ń rẹ aṣọ láró nínú àgbàlá wa ní Ìgbẹ̀ìn. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò sí ọjọ́ kan tí mi ò rántí ata wọn, àti ẹnu wọn tó ta ju ata náà lọ.

Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdíwọ́ àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe l'Ókè-Ìlèwó. Ẹ̀yin lẹ máa ka lẹ́tà yìí fún Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan. Mo mọ̀ yín. Lọ́dún tó kọjá tí mo kọ̀wé nípa àìsàn tó dá mi dùbúlẹ̀, ẹ fo odidi ojú ìwé kan, ẹ ní mo ní ara mi le. Màámi ò mọ̀ títí Ìyá Rísíkátù fi gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tiwọn tó wà níbí, Màámi sì bá mi jà lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tòní yìí, bí ẹ bá fo ìlà kan péré, ẹ ti fo gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Màámi, mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn pẹ̀lú, kí ó má bàa ṣe yín ní kàyéfì bí ẹnìkan bá pàdé yín lọ́jà Ìtòkú tó ní òun ti kà á. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ilé wa síta. Ọmọ aládìrẹ pọ̀ ní ìdálẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ohun tó ṣe mí yìí sì lè ṣe wọ́n. Inú àgbàlá yín ni mo ti kọ́ àṣìṣe náà. Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń kọ̀wé yìí. Yìnyín ti ń bọ́ láti àárọ̀. Oòrùn yọ, ṣùgbọ́n ojú lásán ni, kò mú ooru kankan wá. Ẹ̀rọ tó ń gbé ooru jáde lábẹ́ fèrèsé mi ń kùn, mo sì ti kí i pé ó kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lónìí, torí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè kí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Níbí, ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi á rí mi lórí àtẹ̀gùn, á mi orí, á sì kọjá. Kò sí ẹ kú àárọ̀, kò sí ẹ kú òtútù, kò sí ṣé dáadáa lẹ jí. Nígbà mìíràn mo máa ń fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún mi pé mo kú ìjókòó, kí n kàn lè dáhùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló ń mú mi gbọ̀n lónìí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, mo fẹ́ wọlé lọ bá ọ̀gá mi kí n sọ fún un pé àwòrán kan tí mo yà, tí ilé-iṣẹ́ wa ti fọwọ́ sí, tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, irọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn mi níbẹ̀. Ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú yìí, orí iṣẹ́ yìí ló dúró lé. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ẹrù ni mo máa dì. Kànga tí a ti fi owó iṣẹ́ yìí gbẹ́ dé ìdajì lẹ́yìn ilé, kí ẹ má bàa máa ra omi fún aró mọ́, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an kí Bọ̀ọ̀dá lè kà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ni ọwọ́ mi ń ṣe gan-an níbí. Ẹ ní ti Bọ̀ọ̀dá yé yín: jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́, wọ́n tú u, wọ́n tò ó padà, ó dún. Tèmi ni kò yé yín. Ẹ ní iṣẹ́ tí ènìyàn ò lè gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé iṣẹ́ náà ni. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n tún gbìyànjú.

Ilé-iṣẹ́ wa kì í pèsè iná, kì í sì í ta iná. Bí ìlú kan bá fẹ́ fa wáyà tuntun, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ so àwọn páńẹ́ẹ̀lì oòrùn tó kún oko ńlá mọ́ wáyà àtijọ́, wọn á kọ́kọ́ wá bá wa. A ó kó iná ìlú náà sínú kọ̀ǹpútà: gbogbo òpó, gbogbo tíráńsífọ́mà, ibi tí iná ti ń wá àti ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn náà la ó wá máa dán an wò. A ó ní kí igi wó lu wáyà kan, nínú kọ̀ǹpútà o, kì í ṣe lójú ayé, a ó sì wo ohun tí káránǹtì yóò ṣe. Ṣé yóò lọ sílẹ̀ kí ó tún padà sípò, àbí ṣe ni gbogbo ìlú á ṣókùnkùn? Ẹ̀yin tí ẹ ti rí gílóòbù tó pọ́n bí ojú ọ̀mùtí kí iná tó lọ, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Kọ̀ǹpútà náà kì í sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ló ń tú jáde. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ti kọ nọ́ńbà tó gùn ju ojú ìwé kan lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ bí káránǹtì ṣe lágbára sí ní ìwọ̀n ìgbà bíńtín yẹn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń gba àwọn nọ́ńbà náà. Mò ń gé èyí tí a ò nílò, mò ń yọ èyí tí kọ̀ǹpútà ṣì kọ, mò ń fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, mo sì ń fi wọ́n ya ìlà tó ń lọ sókè sódò lórí bébà, kí àwọn tó ni ìlú lè fi ojú kan wò ó, kí wọ́n mọ̀ bóyá iná wọn á dúró. Àwọn kì í ka nọ́ńbà. Àwòrán tí mo bá yà ni wọ́n ń gbà gbọ́.

Nọ́ńbà náà máa ń pọ̀ jù. Bí mo bá fẹ́ ya gbogbo rẹ̀, àwòrán á wúwo, kọ̀ǹpútà á máa wọ́ bí ẹni tí ebi ń pa. Àyè kan wà tí ènìyàn lè fi sọ fún un pé kí ó máa fo díẹ̀ nínú wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, wọ́n ní kí n fi iye tí mo bá rí i pé ó tọ́ síbẹ̀. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ mẹ́wàá. Ó ń mú ọ̀kan, ó ń fo mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà títí di ọ̀sẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwòrán mi rí.

Ẹ mọ ibi tí mo ti rí i. Láti ìgbà tí mo ti lè di etí aṣọ mú ni mo ti ń jókòó tì yín ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Aṣọ ti gbẹ, ẹ ti ha ẹ̀kọ tí ẹ fi ya ọnà sí i kí aró má bàa wọ ibẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ ti lù ú kó dán. Ẹ ó jókòó lórí àpótí, ẹ ó máa ká a lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa tò ó léra. Bí ó bá ti pé mẹ́wàá, ẹ ó ní kí n di etí ìkẹwàá mú, ẹ ó ta á sí oòrùn, ẹ ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó ní ó dára. Ẹ ó sì fi okùn di gbogbo ìdì náà. N kò rí i kí ẹ tú ìdì kan wò lẹ́ẹ̀kejì rí. N kò sì gbọ́ kí oníbàárà kankan gbé aṣọ padà wá. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni: ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́wàá tó o. Mo gbé ọgbọ́n náà wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo gbé e wọ ọ́fíìsì, mo tilẹ̀ ń fi í yangàn.

Ọjọ́rú ni àṣírí tú, ẹ̀yin lẹ sì fà á. Mo fẹ́ ya àwòrán kan fún yín. Mo ní tí ẹ bá ní iṣẹ́ mi kò ṣeé gbé léni lọ́wọ́, màá ya ìlà kan tó lẹ́wà, ní àwọ̀ aró tó dú dáadáa, kí Bọ̀ọ̀dá fi fóònù wọn hàn yín. Mo mú iṣẹ́ kan tí a ti parí, tí a ti fi ránṣẹ́: ìlú kékeré kan lẹ́bàá adágún omi, tí wọ́n fẹ́ so oko páńẹ́ẹ̀lì oòrùn mọ́ wáyà tó ń lọ sí ilé ìwòsàn wọn. Torí pé fún ẹwà ni, mo ní kí kọ̀ǹpútà má fo nǹkan kan. Ó pẹ́ kí ó tó yà á tán. Nígbà tó yà á tán, ihò wà nínú ìlà mi.

Ibi tí igi ti wó lu wáyà, tí káránǹtì lọ sílẹ̀ díẹ̀ tó sì padà sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí a ṣe rí i nínú àwòrán tí a fi ránṣẹ́, ihò tóóró kan já lulẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ bébà. Inú mẹ́sàn-án tí mo ń fò ló wà. Ó jìn kọjá ibi tí a ti sọ nínú ìwé wa pé káránǹtì kò ní dé láéláé. Bí ó bá dé ibẹ̀ lójú ayé, àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà, títí kan àwọn tó ń bá aláìsàn mí, á pa ara wọn, wọn á sì dúró de ẹni tí yóò tún tan wọ́n. Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kò sí bí jẹnẹrétọ̀ ṣe yára tó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wúkọ́ kí ó tó gbé iná. Ikọ́ yẹn ni mò ń gbọ́ létí láti Ọjọ́rú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so wáyà náà.

Mo pe Rávì, ọmọ Íńdíà tó jókòó tì mí, ọmọlúwàbí ènìyàn tó máa ń fún mi nínú oúnjẹ rẹ̀ torí ó ní ata. Ó wò ó, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló kọsẹ̀, pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ ní ibi tí wáyà bá ti já, nọ́ńbà kan á kàn ṣìnà. Ó ní kí n yọ ọ́, kí n so ìlà náà pọ̀, pé ṣebí ara iṣẹ́ mi ni láti máa yọ irú ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn. Mo lè yọ ọ́ kúrò lójú gbogbo ayé kí ẹnikẹ́ni má sì lè pè mí ní olè. Mo ti gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì tí yóò yọ ọ́. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, mo tún gbogbo ìdánwò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa gbé ẹsẹ̀ kéékèèké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí bí ó bá jẹ́ pé ó kọsẹ̀ ni, bí ó bá rọra rìn kò ní kọsẹ̀ mọ́, ihò náà á sì parẹ́. Mo ń gbàdúrà kí ó parẹ́. Kò parẹ́. Ṣe ló jìn sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí mo kírun tán, ni mo pè yín. Ẹ ó rántí pé ohùn mi rí bákan, ẹ ní ṣé ọ̀fìnkìn ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Ìdí tí mo fi pè ni kí n bi yín léèrè nǹkan kan, mo sì fi í sáàárín ọ̀rọ̀ mìíràn kí ẹ má bàa fura: mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni ẹ máa ń yẹ̀ wò, àti pé ṣé ẹ̀rù kì í bà yín nítorí mẹ́sàn-án tó kù.

Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé yín. Ẹ ní ta ló sọ fún mi pé ọ̀kan lẹ̀ ń yẹ̀ wò. Ẹ ní bí ẹ ṣe ń ká aṣọ, àtàǹpàkò yín ń rìn lórí rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, pé ibi tí ẹ̀kọ bá ti sán tí aró sì yọ́ wọ ibi tí kò yẹ, ọwọ́ yín á ti mọ̀ kí ojú yín tó rí i. Ẹ ní èyí tí kò bá dára, abẹ́ àpótí lẹ̀ ń tì í sí, kò tilẹ̀ ní bá wọn dé inú ìdì. Ẹ ní ìkẹwàá tí ẹ ń ta sí oòrùn, oníbàárà tó bá dúró tì yín lẹ̀ ń ta á fún kí ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ wá bi mí pé ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó níbẹ̀, ṣé mi ò rí abẹ́ àpótí ni.

Màámi, mo rí abẹ́ àpótí. Orí àwọn aṣọ yẹn ni mo máa ń sùn lọ́sàn-án. Mo rò pé ẹ tẹ́ wọn fún mi ni.

Ojú tì mí débi pé mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, mo sì pa fóònù. Àtàná ni mo ti ń wo àtàǹpàkò yín lọ́kàn mi, bí ó ṣe dú ní ìdí èékánná. Ojú ni mo fi kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Mi ò wo ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Màá dá lẹ́tà dúró níbí. Bí mo bá padà dé lọ́jọ́ Ajé, màá kọ ìyókù, ìbáà dára, ìbáà burú.

*

Ọjọ́rú rèé, Màámi. Ẹ má bínú pé kò jẹ́ ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí kí n tó kọ̀wé.

Ọ̀gá mi, Hẹ́lẹ́nì ló ń jẹ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó ẹni tó bí mi lọ́mọ dáadáa. Ẹ pòṣé bí ẹ bá fẹ́, kò sí "ẹ" nínú èdè wọn, èmi náà ti bá a jà títí ó ti sú mi. Mo bá a lẹ́nu iṣẹ́ ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, mo gbé àwòrán méjèèjì síwájú rẹ̀, ti àkọ́kọ́ tí a fi ránṣẹ́ àti èyí tí mi ò fo nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo, kò pariwo. Ó fi ìka tọ ihò náà títí dé ìsàlẹ̀, ó bi mí pé ta ni mo ti sọ fún, ó gbé fóònù, ó sì pe àwọn ará ìlú náà lójú mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti mú láti so wáyà. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ jókòó níta.

Mo jókòó níta láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àwọn ènìyàn ń gbé kọfí kọjá lójú mi. Mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, mo tún un kà. Mo ń ro bí màá ṣe sọ fún yín, mo ń ro ohun tí Ìyá Rísíkátù á sọ, mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro èyí tí màá gbé àti èyí tí màá fi sílẹ̀ nínú àwọn ìwé mi.

Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, wọ́n ti di mẹ́ta. Fọ́ọ̀mù kan wà lórí tábìlì tí wọ́n máa ń kọ bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ìlà kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ ohun tó fa àṣìṣe náà. Hẹ́lẹ́nì bi mí pé níbo ni mo ti rí ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ìbẹ̀rù ti tú mi létè, mo sọ ọ́ bí ó ṣe rí: àgbàlá wa, àpótí yín, ìdì aṣọ, ìkẹwàá nínú oòrùn. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àlọ́. Ojú wọn rọ̀. Mo rí i pé ojú wọn rọ̀, ọkàn tèmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, Hẹ́lẹ́nì kọ nǹkan sí ìlà náà, ó ní kí n kà á kí n sì fọwọ́ sí i.

Ohun tó kọ ni pé ìyá mi tó ń rẹ aṣọ láró ló kọ́ mi ní ọ̀nà tí kò péye, mo sì mú un wá sẹ́nu iṣẹ́ láìmọ̀.

Ẹnì kejì nínú wọn fi pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, á dára fún mi. Ó ní wọ́n á pè é ní àìmọ̀, pé ilé-iṣẹ́ ni ó yẹ kó tún mi kọ́, àti pé kò ní kan ìwé àṣẹ mi. Àánú ló ṣe é, mo mọ̀. Bíírò ti wà lọ́wọ́ mi. Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mo rò ó. Mo ní ẹ ò lè ka èdè wọn, ẹ ò ní rí ìwé náà láé, orúkọ yín gan-an kò sí níbẹ̀. Mo rò ó títí mo fi gbé bíírò náà kan bébà.

Àtàǹpàkò yín ni mo rántí. Ọwọ́ mi dúró.

Mo ní kí wọ́n fà á rẹ́. Mo ní ìyá mi ò fo aṣọ kan rí láti ìgbà tó ti ń rẹ aṣọ, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ọwọ́ rẹ̀ ń kàn. Mo ní èmi ni mo jókòó tì í láti kékeré tí mi ò kọ́ ohun tó ń ṣe, ohun tó ń fi han ẹlòmíràn ni mo kọ́. Èdè wọn ti ń já mọ́ mi lẹ́nu nígbà náà, mi ò mọ iye rẹ̀ tó yé wọn. Hẹ́lẹ́nì bi mí bóyá mo mọ̀ pé bí a bá yọ gbólóhùn yẹn, èmi nìkan ni ẹ̀bi náà á kù sí lọ́rùn. Mo ní mo mọ̀. Ó fà á rẹ́, ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo sì fọwọ́ sí i.

Láti ìgbà yẹn di àárọ̀ òní, mi ò lè jẹ ohun tó dénú. Àárọ̀ yìí ni wọ́n pè mí. Wọn ò lé mi. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, àwòrán èyíkéyìí tí mo bá sì yà láti òní, Rávì gbọ́dọ̀ yẹ nọ́ńbà inú rẹ̀ wò kí ó tó jáde, títí wọ́n á fi sọ pé ó tó. Ìgbéga tí wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún mi lọ́dún yìí ti lọ. Ẹ foríjì mí lórí kànga. Kò ní kọjá ibi tó dé báyìí fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó ṣì máa ra omi sí i. Ẹkún ló kọ́kọ́ gbé mi. Lẹ́yìn náà ni Rávì gbé oúnjẹ wá, a jẹ ẹ́ pọ̀, ata rẹ̀ pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ti ìlú tó wà lẹ́bàá adágún, wọ́n ti sún síso wáyà náà síwájú. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fẹ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn náà tí kò ní jẹ́ kí káránǹtì já lulẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ó tún gbogbo ìdánwò ṣe kí wọ́n tó so ó. Èmi ni mo máa ya àwòrán rẹ̀. Hẹ́lẹ́nì ló ní kí ó jẹ́ èmi.

Mo fi àwòrán tí mo ṣèlérí fún yín sínú lẹ́tà yìí, ìlà aláwọ̀ aró, pẹ̀lú ihò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àtàǹpàkò yín rìn lórí rẹ̀. Tí ọwọ́ yín bá dé ibi tó já lulẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ níbí, ẹ bá mi fi aṣọ kan ránṣẹ́, mo fẹ́ kọ́ ọ sí ara ògiri níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi ìkẹwàá ránṣẹ́. Inú mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ò ta wò ni kí ẹ ti mú un.

Ọlọ́run Ọba á lọ́ra ẹ̀mí yín, á fi okun sí ẹsẹ̀ yín, á sì jẹ́ kí n padà wá jókòó tì yín lórí ilẹ̀ nínú àgbàlá yẹn, kí n tún iṣẹ́ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kí gbogbo ará ilé, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń tajà l'Ítòkú, mo kí Ìyá Rísíkátù lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n má bàa ní mo gbàgbé wọn. Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù, bí ẹ bá ti ka ibí yìí dé, tí ẹ ò sì fo nǹkan kan, Ọlọ́run á bá mi san oore náà fún yín. Bí ẹ bá sì fo ibì kan, ẹ padà lọ kà á fún wọn.

Àrẹdú o, Màámi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sẹ̀kínátù